Ilé Ni Ogun Ti Ń Parí

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kíní ọdọọdún, ìjọba máa ń fi òdòdó sí ibi ìrántí àwọn sójà tó kú sójú ogun, wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ọjọ́ náà ni ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí lọ́dún 1970, lẹ́yìn ọgbọ̀n oṣù tí wọ́n ti ń jà á. Ẹni tó kú ni ayẹyẹ náà ń rántí jù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn tó padà wálé ni kì í pẹ́ kúrò lẹ́nu wa. Ìlú wa, Ìyìn-Èkìtì, kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ ológun: níbẹ̀ ni Ọ̀gágun Adéyínká Adébáyọ̀ ti wá, ẹni tó ṣe gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà láti 1966 títí di 1971. Ṣùgbọ́n tí orúkọ ọ̀gágun kan bá wọ ìwé ìtàn, ọ̀pọ̀ sójà kékeré ló ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n kàn gbé àpótí wọn wọkọ̀ ní ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Adó, tí wọ́n sì wá ọkọ̀ Ìyìn tàbí ti Ìgèdè wọ̀ lọ sílé. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé ojú ogun ló ń dá àìsàn wọn sílẹ̀, àmọ́ ilé ló ń pinnu bóyá yóò san tàbí yóò di bárakú. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìtọ́jú wọn wà lọ́wọ́ àwa tí wọ́n padà wá bá.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ara ṣáájú, torí òun ni ojú ń rí. Ẹni tó bá wà nídìí ìbọn ńlá fún ọdún díẹ̀ lè má gbọ́ràn dáadáa mọ́, ariwo tí ẹlòmíì kò gbọ́ á sì máa hó nínú etí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Àwọn ará àdúgbò á kí i, kò ní dáhùn, wọ́n á ní ìgbéraga sójà ló ń ṣe é. Bọ́ǹbù tí wọ́n ń rì mọ́ ojú ọ̀nà ní ìpínlẹ̀ Bọ̀nọ́, níbi tí àwọn sójà wa ti ń jà lónìí, tún ní oró tirẹ̀. Agbára afẹ́fẹ́ tó ń ti inú rẹ̀ jáde lè mi ọpọlọ nínú agbárí láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kán sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, orí fífọ́, òòyì, ìgbàgbé àti ìbínú òjijì á bẹ̀rẹ̀, kò sì ní sí àpá kankan tí ẹni náà lè nawọ́ sí pé ibí ni wọ́n ti ṣe mí léṣe. Ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ lè máa jẹ̀rora ní àtẹ́lẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́, nítorí iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ kò tíì gbà pé ẹsẹ̀ ti lọ. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá pàápàá ní ọjọ́ tó máa gbó. Ìpalára bẹ́ẹ̀ kì í bá ogun lọ. Isaac Fádòyebọ̀, ọmọ Ẹ̀múrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ológun òyìnbó ní ọmọ ọdún 16. Lọ́dún 1944 ni àwọn ará Japan yìnbọn fún un nínú igbó Bọ́mà. Àwọn ará abúlé kan níbẹ̀ gbé e pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn tirẹ̀ tó rí i. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó dàgbà. Títí ó fi kú lọ́dún 2012 ló ń tiro. Ogun tó parí lọ́dún 1945 wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ fún ọdún tó lé ní ọgọ́ta.

Ti ọkàn ló le jù. Apá kan wà nínú ọpọlọ ẹ̀dá tó jẹ́ pé ewu ló ń ṣọ́. Bí ewu bá dé, òun ló ń pàṣẹ kí àyà máa lù kìkì, kí oorun dá, kí ẹsẹ̀ múra eré, kí ọwọ́ múra ìjà. Lójú ogun, ẹ̀bùn ni. Ẹni tí ìró ewé gbígbẹ kò bá ta jí lóru lè má rí òwúrọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tó bá ti ṣiṣẹ́ láìsinmi fún ọdún kan tàbí méjì, ó lè má mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ mọ́, bí ajá tó ṣì ń gbó lẹ́yìn tí olè ti lọ. Oṣù Kejìlá á dé, àwọn ọmọdé á máa yin bánńgà ní òpópó, tàbí kí tiransifọ́mà bú gbàù lójijì. Baba tó jókòó ti iyán á ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sábẹ́ tábìlì kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn ọmọ á rẹ́rìn-ín. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, yàrá ni yóò ti máa jẹun. Lóru, àlákálàá kan náà á máa padà wá, òógùn á bò ó, ìyàwó rẹ̀ á sì ti kọ́ láti má fọwọ́ kàn án jí. Yóò máa sá fún ìdí ọjà, fún ibi ìyàwó, fún òórùn ẹran sísun. Ayọ̀ àti ìfẹ́ á dà bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì. Bí gbogbo èyí bá kọjá oṣù kan, tí kò sì jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ tàbí bá èèyàn gbé, àwọn dókítà á gbà pé àìsàn ni.

Ó pẹ́ kí àwọn fúnra wọn tó gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni dókítà kan, Charles Myers, kọ̀wé lọ́dún 1915 nípa àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì tí ìbúgbàù da jìnnìjìnnì bò. Ṣùgbọ́n ojo ni àwọn ọ̀gá ológun ń pe ọ̀pọ̀ nínú irú wọn. Ní ogun yẹn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn sójà tiwọn fúnra wọn torí ìwà ojo tàbí pé wọ́n sá lójú ogun, ọdún 2006 ni ìjọba tó dárí ji 306 nínú wọn. Ọdún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà tó kọ àìsàn yìí sínú ìwé wọn ní orúkọ tirẹ̀. Ní Nàìjíríà, Okulate àti Jones tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2006 lórí àwọn sójà wa tí wọ́n wà nílé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ ìpẹ̀tùsáàwọ̀ ní Làìbéríà àti Sierra Leone. Nínú 100 wọn, 22 ló ní àìsàn náà. Nínú 100, 38 ló ń dá ara wọn lẹ́bi pé àwọn yè, ẹlẹgbẹ́ àwọn kú. Bí wọ́n ṣe pẹ́ sí lójú ogun ni àìsàn náà ṣe ń pọ̀ sí. Ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń mutí, àwọn tó ti fa igbó rí, àtàwọn tó ti po ẹ̀tù ìbọn mọ́ ọtí mu rí. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́ á rọra ka ibi tó kẹ́yìn yìí. Ẹni tí kò rí oorun sùn á wá ohun tó máa kùn ún lóorun, ọtí sì wà nítòsí ju dókítà lọ. Oorun ọtí kì í pẹ́, ọkàn kì í sinmi nínú rẹ̀. Bó bá dá tán, àlákálàá náà á padà, ìgò á tún ṣí. Ohun tí ará àdúgbò ń pè ní ìwà ọ̀mùtí sábà máa ń jẹ́ oògùn tí aláìsàn ń kọ fún ara rẹ̀.

Wàyí o, kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ sógun ló ń ṣàìsàn yìí. Nínú ìwádìí Nàìjíríà yẹn náà, 78 nínú 100 kò ní in. Kí ló ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀? Lọ́dún 2000, Chris Brewin àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí jọ, wọ́n wọ̀n wọ́n mọ́ra. Wọ́n rí i pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò àjálù àti lẹ́yìn rẹ̀ lágbára ju irú ẹni tí èèyàn ti jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Àìrí ẹni gbára lé àti ìnira tó tún wá já lu èèyàn lẹ́yìn àjálù wà lára èyí tó lágbára jù. Ní Sierra Leone, Theresa Betancourt ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fi jagun láti ọdún 2002. Àwọn tí ẹbí àti àdúgbò gbà mọ́ra ń sàn, àní lára àwọn tí ojú wọn ti rí ohun tó burú jáì. Àwọn tí wọ́n ń nàka sí, tí wọ́n ń pè ní apànìyàn, ń burú sí i. Ìpalára kan náà ni, àbọ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ìrètí ló sì yẹ kí èyí fún wa, torí kò sí ẹni tó lè yí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nínú igbó Sàmbísà ní Bọ̀nọ́ padà, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìyìn wà níkàáwọ́ wa.

Èkìtì mọ èyí tipẹ́. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa Ògún ní Ìrè-Èkìtì, ìtàn àbọ̀ ogun ni. Ògún ti ojú ogun dé pẹ̀lú òùngbẹ, ó bá àwọn èèyàn níbi àjọ̀dún kan tí ẹnikẹ́ni kì í ti í sọ̀rọ̀. Kèrègbè ẹmu tò lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀. Ó gbé èyí, ó ṣófo, ó gbé tọ̀hún, ó ṣófo. Ó bi wọ́n léèrè, ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ó rò pé wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ó fa idà yọ, ó sì bẹ́ àwọn èèyàn tirẹ̀ lórí. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tó mọ ohun tó ti ṣe, ìbànújẹ́ bá a, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Ìtàn kì í ṣe ìwádìí, mi ò sì ní fi rọ́pò rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ wo ibi tí àwọn baba wa gbé àṣìṣe sí. Kò sí ẹni burúkú kan nínú rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń pa àṣà wọn mọ́, jagunjagun sì ń ṣe bí ojú ogun ti kọ́ ọ láti ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé wọn kò yan ẹnikẹ́ni láti pàdé rẹ̀ lẹ́nu bodè kó ṣàlàyé.

Ẹnìkan á ní, “Ogun Kírìjí gba ọdún 16, láti 1877 dé 1893. Àwọn baba wa jà á, wọ́n padà sóko, a ò gbọ́ pé ọpọlọ ẹnikẹ́ni dàrú. Àìsàn òyìnbó lẹ ń sọ yìí.” Èsì àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó kọ ìtàn ogun náà, ìjà, àdéhùn àti orúkọ balógun ni wọ́n ń kọ. Wọn kò wọ yàrá lọ bi ìyàwó léèrè bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń sùn. Àìkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò ní kó máà ṣẹlẹ̀. Èsì kejì ṣe pàtàkì jù: irú àbọ̀ tiwọn yàtọ̀ sí ti òde òní. Ọmọ Èkìtì tó lọ sí Kírìjí, àwọn ará ilé àti ará ìlú rẹ̀ ló bá lọ. Ibùdó ogun náà fúnra rẹ̀ di ìlú, àwọn èèyàn ń dáko níbẹ̀, wọ́n ń bímọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n jọ padà ni, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ ohun tójú rẹ̀ rí á rí ẹni tó wà níbẹ̀ bá sọ ọ́. Àwọn ọdẹ ní ìrèmọ̀jé tí wọ́n fi ń ṣọ̀fọ̀ ẹgbẹ́ wọn, kò sẹ́ni tó ń ní kí wọ́n pa ẹkún mọ́ra. Sójà òde òní àti ọmọ Kánò àti ọmọ Bẹ́núé ló jọ lọ sójú ogun, òun nìkan ló sì sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn baba wa yè é jù wá lọ, ẹ̀rí pé àbọ̀ ló ṣe kókó nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rí pé àìsàn kò sí.

Ẹlòmíì á ní aṣebi ló ń bá sójà náà jà, pé orí òkè ló yẹ ká gbé e lọ. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún 1944, nígbà tí àwọn sójà tí ọkàn wọn dàrú ń ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀ kan ní Láńtòrò ni wọ́n fi ṣe ibi tí wọn yóò máa gbé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò, ìlú kan náà. Kò fi odi yí àwọn aláìsàn ká. Ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá gbé, kó máa dáná fún un, kó máa mú un lọ gba oògùn. Ó sì gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ láyè láti bá òun ṣiṣẹ́. Ayé wá kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì di igbákejì olórí àjọ ìlera àgbáyé. Láti orí sójà tí wọ́n tì mọ́lé ni ilé ìwòsàn ọpọlọ wa tó lókìkí jù ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó sì ti gba iyì ni ibi tó ti dá aláìsàn padà sáàárín àwọn èèyàn. Nítorí náà, kí alágbàdúrà gbàdúrà, kí babaláwo ṣe tirẹ̀, bí wọn kò bá ti fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn, tí wọn kò nà án, tí wọn kò sì ní kó sọ oògùn dókítà nù. Òfin ìlera ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 náà dáàbò bo ẹ̀tọ́ aláìsàn.

Àtakò kẹta wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ronú lórí owó: àwọn ló yan iṣẹ́ náà, ìjọba san owó wọn, ṣé ó yẹ ká tún fi wọ́n ṣáájú olóyún àti ọmọdé tó ń ṣe ibà? Òótọ́ ni pé wọ́n yàn án. Ẹni tó yàn án gbà láti fi ẹ̀mí wewu, kò gbà pé bí òun bá yè kí wọ́n pa òun tì. Owó tí wọ́n sì ní a san, kì í sábà dé lásìkò. Lọ́dún 2008, àwọn sójà tó ti Làìbéríà dé fẹ̀hónú hàn ní Àkúrẹ́ torí owó iṣẹ́ wọn tí wọn kò rí gbà. Ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún 27 nínú wọn kí wọ́n tó dín in kù sí ọdún méje. Títí di ọdún àìpẹ́ yìí ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ń lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Àbújá nítorí ẹ̀tọ́ wọn. Bí ìnira lẹ́yìn àjálù bá ń mú àìsàn ọkàn gbilẹ̀, a jẹ́ pé owó ìfẹ̀yìntì tó dé lásìkò wà lára oògùn, kò sì gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ olóyún, torí gbèsè tí wọ́n ti jẹ tẹ́lẹ̀ ni.

Wọ́n tún lè ní dókítà ọpọlọ kò tó. Òótọ́ ni, wọn kò sì ní tó láìpẹ́. Àmọ́ ní Harare, Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2006 nípa kíkọ́ àwọn ìyá àgbà ní ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jókòó ti èèyàn lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ilé ìwòsàn, kí wọ́n tẹ́tí sí i, kí wọ́n bá a tú ìṣòro rẹ̀ palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 fi hàn pé ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ. Èkìtì kò ṣaláìní àgbà tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, kò sì ṣaláìní olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́dé lè bi sójà tó wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìbéèrè mẹ́rin: ṣé o ń lá àlákálàá ohun tó ṣẹlẹ̀? Ṣé o ń sá fún ohun tó ń rán ọ létí rẹ̀? Ṣé ara rẹ kì í balẹ̀? Ṣé o ti rò ó rí pé kí o pa ara rẹ? Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wúwo, kí wọ́n kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá ní Adó tàbí ní Ìdó-Èkìtì fún un. Ìtọ́jú wà níbẹ̀: oògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti ìjíròrò tí aláìsàn ti ń sọ ìtàn rẹ̀ léraléra lọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́, títí ìrántí náà yóò fi di ohun àná.

Àtakò tó kù, àwọn sójà fúnra wọn ló ń ṣe é. Wọ́n ń bẹ̀rù pé bí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí ní gbangba, ìlú á máa wò wọ́n bí wèrè tó nímọ̀ ìbọn, wọn kò sì ní gbà wọ́n síṣẹ́ ọdẹ mọ́. Ìbẹ̀rù yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ó sì yẹ ká dáhùn rẹ̀ tààrà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní àìsàn yìí kì í ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Àwọn àti ará ilé wọn ló ń jìyà rẹ̀. Ìlú sì nílò wọn: nígbà tí Èkìtì dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n fi ṣe olórí. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí àyẹ̀wò wà kí wọ́n tó gbé ìbọn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ padà, kí àyẹ̀wò náà sì jẹ́ àṣírí láàárín òun àti dókítà. Ẹni tó bá mọ̀ pé sísọ òótọ́ kò ní gba oúnjẹ lẹ́nu òun á sọ òótọ́. Ìdákẹ́jẹ́ ló léwu fún àdúgbò.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Bọ̀nọ́ lónìí ń bọ̀ wálé, ilé iṣẹ́ ológun sì mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ oníkálukú yóò parí. Ní Òṣòdì, wọ́n ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ ẹni tó fẹ́ fẹ̀yìn tì níṣẹ́ ọwọ́. Kí wọ́n pe ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọn yóò máa rí, kí wọ́n sì fi ìwé ìlera rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ tó ń lọ. Ní Ìyìn, kí àwọn tó ti jagun rí máa pàdé lóṣooṣù, kí wọ́n yan ẹni méjì tí yóò lọ kí ẹni tuntun nílé lọ́sẹ̀ tó bá dé, kí wọ́n sì tún padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí ìgbà tí àwọn àlejò àkọ́kọ́ bá ti lọ tán ni nǹkan sábà máa ń le. Èyí kò dúró de ìwé àṣẹ láti Àbújá. Aṣọ ilé iṣẹ́ ológun ni ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀; ìyókù ti dọwọ́ ìlú.